Àbẹ̀kẹ́, Ẹ Gbé Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Erékùṣù Lọ́dún Yìí

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ àbúrò mi, jókòó dáadáa kí o gbọ́ mi. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ìyá rẹ ti sọ fún mi pé ẹ tún fẹ́ wọ bàálù lọ sí Tenerife lóṣù kẹjọ, ìwọ, àna mi àti àwọn ọmọ méjèèjì. Nítorí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo! Ẹ ó jí láago mẹ́ta òru, ẹ ó tò sórí ìlà ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó tú báàgì, ẹ ó fò fún wákàtí tó lé ní mẹ́rin, kí ẹ lè lọ jókòó sẹ́bàá omi ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ yóò dojú kọ tábúlẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá padà sí Peckham ní London, àárẹ̀ tí ẹ gbé bọ̀ yóò ju èyí tí ẹ gbé lọ lọ. Ṣé ìsinmi nìyẹn, àbí iṣẹ́ tí ẹ fi owó ara yín rà?

Má fajú ro. Ẹni tí a bá fẹ́ràn là ń bá wí, o sì mọ̀ pé mi ò lè rí ohun tó dára kí n má pè ọ́ sí i. Ṣebí erékùṣù lẹ ń wá? Erékùṣù wà nítòsí yín. Isle of Wight wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, omi tóóró tí wọ́n ń pè ní Solent ló pín in níyà sí Portsmouth àti Southampton. Láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 23 lọ; láti àríwá dé gúúsù, máìlì 13. Ní ọdún 2019 ni UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ọmọ ènìyàn àti ẹ̀dá igbó ti ń gbé pọ̀ láìba ara wọn jẹ́. Ibi tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé láti ìlú dé ìlú nìyẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò ju èyí lọ: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ rìn ká ibẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ìwọ lo kàwé ìṣirò owó, bá mi ṣe ìṣirò yìí. Bàálù tó ń fò lọ sí irú ibi bíi Tenerife máa ń tú èéfín kábọ́ọ̀nù tó tó gíráàmù 150, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sójú sánmà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún kìlómítà kan. Ti ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ yìí kò ju nǹkan bí gíráàmù 35 lọ. London sí Tenerife tó kìlómítà 2,900. Ẹ̀yin mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀, ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. London sí Portsmouth kò ju nǹkan bí kìlómítà 120 lọ. Ẹ̀yin mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀, kò tó kìlógíráàmù 40. Fi ti ọkọ̀ ojú omi kún un, kò lè tó ìdá kan nínú ogún ti bàálù. Láti ọdún 1937 ni iná mànàmáná ti ń fa ọkọ̀ ojú irin lójú ọ̀nà Portsmouth yẹn. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ kò béèrè epo kankan. Oúnjẹ tí ọmọ jẹ láàárọ̀ náà ló fi ń wà á.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ ní, "Àǹtí, kí ni èéfín àwa mẹ́rin fẹ́ ṣe?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó jókòó sínú bàálù náà ṣe ń wí. Ìwọ náà ti rí àwòrán Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ́ títí tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Òkun ti gbé ilé gbé ilé lọ níbẹ̀. Ibi tí àwọn kan ti ṣeré nígbà èwe wọn ti di ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Ayé tó ń gbóná ń mú òkun ga sí i, etíkun wa kò sì ní òkè tó máa dá a dúró. Kódà lórí Isle of Wight tí mo ń sọ yìí, lóṣù December ọdún 2023, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi ya lulẹ̀ ní Bonchurch, tí àwọn èèyàn fi ní láti fi ilé wọn sílẹ̀. Omi kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò pẹ́ láyé jù nínú wa. Àwọn ni yóò gbé inú ohun tí a bá fi sílẹ̀.

Mo tún gbọ́ pé àna mi ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí baba ọlọ́mọ ń gùn. Kí ó dákun, kí ó má jẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́ ọ. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ nílé nígbà tiwa? Tíṣà ni. Olùkọ́ni ìjọ ni. Ẹni tó ń ra kòkó ni, àti nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí láti abúlé dé abúlé. Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni wọ́n ń gùn. Ẹni tó bá ní Raleigh, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Á nu irin rẹ̀ títí á fi máa dán gbinrin, á sì gbé e wọnú yàrá sùn lálẹ́. Ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ láàárín wa. Àwa la sọ ọ́ di ohun aláìní lẹ́yìn tí a rí mọ́tò. Kí àna mi fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i lórí kẹ̀kẹ́. Ọmọ tó bá rí bàbá rẹ̀ tó ń làágùn tó sì ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kì í gbàgbé.

Wàyí o, bí ẹ ó ṣe lọ. Ẹ má lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí èrò ń rọ́, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé kẹ̀kẹ́ ńlá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ London tàbí tó ń jáde níbẹ̀ lásìkò yẹn. Èyí tó ṣeé ká nìkan ni wọ́n ń gbà nígbà gbogbo. Àárọ̀ Sátidé dára. Ẹ lọ gba káàdì ìdílé tí wọ́n ń pè ní Family & Friends Railcard: ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó àgbà, ó sì ń yọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára ti ọmọ ọdún 5 sí 15. Ìwọ tí o máa ń ná owó tòmátì títí aláta fi máa ń bẹ̀ ọ́, ó yà mí lẹ́nu pé o ń san owó ọkọ̀ ojú irin láìgba káàdì. Bí gbígbé kẹ̀kẹ́ mẹ́rin bá ni yín lára, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé kí ẹ háyà níbẹ̀. Wọ́n ní ti ọmọdé, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ti àgbà, wọ́n sì ní oníbátìrì. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: òfin ilẹ̀ yìí kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láyè láti gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi ẹkún gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Láti ibùdókọ̀ Waterloo ní London, Portsmouth Harbour ni kí ẹ lọ bọ́ sí. Orí omi gan-an ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ náà sí. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ ojú omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi HMS Warrior han àwọn ọmọ, ọkọ̀ ogun onírin tí wọ́n sọ sómi ní ọdún 1860, tó gúnlẹ̀ sítòsí ibẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ni ẹ ó fi la Solent kọjá dé Ryde. Ẹ jókòó síta bí òjò kò bá rọ̀, kí atẹ́gùn iyọ̀ fẹ́ sí wọn lójú. Afárá gígùn tí ẹ ó gúnlẹ̀ sí ní Ryde ti wà láti ọdún 1814, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì máìlì sínú òkun. Lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gbéra lọ sí Sandown àti Shanklin. Sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wò ó dáadáa, nítorí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ rí: ara ọkọ̀ District line ti London ni wọ́n fi tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lóṣù November 2021. Kí ó tó dé, ọkọ̀ Underground tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1938 ló ń ná ọ̀nà yẹn títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Bí àbúrò ṣe ń wọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n bọ́ sílẹ̀ ni erékùṣù yẹn ṣe ń lo ọkọ̀ London. Àwọn tó mọ ìwúlò nǹkan ni wọ́n, ìwọ náà yóò sì gbádùn wọn.

Sandown ni kí ẹ fi ṣe ibùwọ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Red Squirrel Trail, máìlì 32 lápapọ̀, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni mọ́tò kì í gbà. Ojú irin ni apá kan rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ọ̀nà Newport sí Sandown pa ní ọdún 1956, wọ́n ti ti Newport sí Cowes pa ní 1966, wọ́n wú irin kúrò, ilẹ̀ tó tẹ́jú sì kù. Ọkọ̀ ojú irin kò lè pọ́n òkè gọngọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdí náà sì nìyẹn tí ọmọ ọdún 7 fi lè gùn ún láìsunkún. Òkúta wẹ́wẹ́ á máa dún lábẹ́ táyà, ewé á pàdé lókè orí yín, màlúù á máa wò yín láti ẹ̀yìn ọgbà. Ní Alverstone ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ahéré kan wà nínú igbó ibẹ̀ tí ènìyàn ń jókòó sí wo ọ̀kẹ́rẹ́ pupa. Níbi púpọ̀ nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kẹ́rẹ́ eérú tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ti lé ti pupa lọ. Omi Solent ló gba ti erékùṣù yìí sílẹ̀. Ní Newchurch, oko aáyù ńlá kan wà tí òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Láti Sandown dé Newport kò ju nǹkan bí máìlì 9 lọ, ó sì tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́; ẹ sùn sí Newport lálẹ́ ọjọ́ náà. Má fi ìkánjú bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba etí odò Medina láti Newport dé Cowes, nǹkan bí máìlì 4. Ní Cowes, ẹ ó rí ọkọ̀ tí ṣéènì ń fà láti ìhà kan odò dé ìkejì. Àwọn ọmọ á fẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ti sọdá, òkè díẹ̀ ló kù kí ẹ dé Osborne. Ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà ní ọdún 1845, ibẹ̀ sì ni ọbabìnrin kú sí ní January 22, ọdún 1901.

Ṣùgbọ́n nítorí Victoria kọ́ ni mo ṣe ń rán ọ lọ. Nítorí Àìná ni. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kọlu ìlú rẹ̀, tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ. Ní ọdún 1850, Ọba Ghezo ti Dahomey fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, Frederick Forbes, tí ó gbé e wá sí ilẹ̀ yìí tó sì fún un ní orúkọ Sarah Forbes Bonetta, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọbabìnrin gbà á tọ́, ó ń san owó ilé ìwé rẹ̀. Ní 1862 ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton, wọ́n sì lọ gbé ní Èkó. Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Victoria. Ní 1880, àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Àìná ní Madeira. Osborne yìí ni ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí ọbabìnrin nígbà tí ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ bá a. Ọmọbìnrin Yorùbá kan ti gbé ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ rin ilẹ̀ erékùṣù yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ní ọdún 2020, àjọ English Heritage gbé àwòrán Àìná tí Hannah Uzor yà kọ́ sínú ilé náà. Àwọn ọmọ rẹ ń kọ́ nípa Victoria ní ilé ìwé. Ìwọ ni kí o sọ ti Àìná fún wọn, kí o sì sọ ọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tó kù kò lè sú yín. Ilé olódi Carisbrooke wà lẹ́yìn Newport, níbi tí wọ́n ti Ọba Charles Kìíní mọ́lé. Ó gbìyànjú láti gba ojú fèrèsé sá lọ, irin fèrèsé há a mọ́. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rìn nínú àgbá onígi ńlá kan láti fi han èrò bí wọ́n ṣe ń fa omi kànga láyé àtijọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn, ojú irin mìíràn tí wọ́n ti tì pa láti 1953 ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti Yarmouth sí Freshwater, létí odò Yar, níbi tí ẹyẹ omi pọ̀ sí. Òkúta funfun Needles tó dúró sínú òkun wà níwájú ibẹ̀. Ní Yaverland, lẹ́bàá Sandown, egungun dáínósọ̀ máa ń yọ láti inú ilẹ̀ etíkun bí omi bá ti fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pa àgọ́ sùn. Bí ẹ kò bá fẹ́, ilé àlejò kéékèèké pọ̀ ní Sandown.

Ó ku ìkìlọ̀, kí o má sì sọ pé mi ò sọ ọ́. Ọ̀nà kan wà tó yí gbogbo erékùṣù po, ó tó nǹkan bí máìlì 65, òkè rẹ̀ pọ̀. Mo mọ àna mi, yóò fẹ́ gùn ún kí ó lè gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp. Kí ó dá nìkan lọ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ó má kó ọmọ lọ. Máìlì mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó fún ìdílé. Kí olúkúlùkù dé akoto, kódà bí òfin kò fi dandan mú un. Ẹ yẹ bíréèkì àti ṣéènì wò láàárọ̀. Bí ẹ bá bọ́ sójú títì, kí àgbà kan ṣáájú, kí èkejì wà lẹ́yìn, kí àwọn ọmọ wà láàárín. Ẹ mú aṣọ òjò dání, nítorí oṣù kẹjọ ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí a ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ di mọ́ínmọ́ín àti dòdò sínú abọ́, ẹ rọ tíì sínú fìláàsì. Ẹrù tí kò bá wọ àpò ẹ̀yìn, kò yẹ kó kúrò nílé. Mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ kó bàtà mẹ́rin. Méjì ti tó ọ.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìsinmi kò sí lọ́wọ́ ọ̀nà jíjìn. Ohun tí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé, tó fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, tó sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, òun ní yóò bá a dàgbà. Bí ẹ bá ní láti wọ bàálù lọ kí àwọn àgbà nílé, ẹ lọ, ọ̀ranyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàálù tí a ń wọ̀ nítorí omi ìlúwẹ̀ẹ́, kò yẹ wá mọ́. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọlọ́mọ yòókù tí ẹ ń gbọ́ mi, tí ẹ wà ní London, Manchester tàbí Leeds, ọ̀rọ̀ yín náà ni: ẹ wá ibi tí kò jìnnà, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ rìn ín. Ìwọ Àbẹ̀kẹ́, pe àna mi lálẹ́ òní, kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ọlidé iléèwé tó dé, nítorí ààyè kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin kò pọ̀.